Kí Ló Dé Tí Kànga Ẹ Gbẹ, Tí Ti Aládùúgbò Ẹ Ò Gbẹ?

Ó ṣeé ṣe kó o ti rí i rí n'Íbàdàn: ilé kan gbẹ́ kànga, omi yọ. Ilé kejì, tó jẹ́ ògiri kan ló pààlà wọn, gbẹ́ tiẹ̀, ó kan òkúta, iṣẹ́ dúró, owó lọ. Wọ́n á ní ayé ló ṣe é. Kì í ṣe ayé o, òkúta ni.

Láti Abẹ́òkúta dé Ìbàdàn, Òṣogbo, títí lọ sí Ìdànrè, orí òkúta líle la wà. Ọjọ́ orí ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀ ju mílíọ̀nù 500 ọdún lọ. Granite bíi ti Olúmọ, abẹ́ ilẹ̀ lọ́hùn-ún ló ti tutù, tó sì dì. Òjò ló fọ ohun tó bò ó lọ díẹ̀díẹ̀ títí tó fi yọrí síta.

Irú òkúta yìí kì í fa omi mu bíi yanrìn. Àyè méjì péré lomi ní níbẹ̀. Àkọ́kọ́ ni ibi tí òkúta ti jẹrà. Bẹ́ẹ̀ ni, òkúta ń jẹrà! Omi òjò máa ń gbé carbon dioxide wọlẹ̀, á wá kan díẹ̀. Omi kíkan yìí á máa jẹ feldspar inú òkúta títí tó máa fi di amọ̀. Quartz ò gbà fún un ní tiẹ̀, òun ló ń di yanrìn. Irin inú òkúta á dípẹtà, ìdí nìyẹn tí ilẹ̀ wa fi pupa. Àyè kejì ni inú sísán òkúta.

Ọ̀rọ̀ wá ni pé ìjẹrà yìí ò dọ́gba. Ó lè má ju mítà 3 lọ lábẹ́ ilé tìẹ, kó tó 20 lábẹ́ ti aládùúgbò ẹ.

Èkó yàtọ̀: yanrìn àti amọ̀ tí omi kó jọ ló pọ̀ lábẹ́ ibẹ̀. Omi kì í wọ́n wọn, àfi kí iyọ̀ òkun má bá a.

Nítorí náà, kó o tó sanwó borehole, pe àwọn tó ń fi iná mànàmáná díẹ̀ yẹ ilẹ̀ wò. Iná máa ń gba ibi tó lómi kọjá ju inú òkúta gbígbẹ lọ. Àmọ́ ó ń gba inú amọ̀ náà dáadáa, amọ̀ kì í sì í fi omi sílẹ̀ bọ̀rọ̀, torí ẹ̀ ló fi yẹ kó jẹ́ ẹni tó mọṣẹ́.

Tó bá jẹ́ kànga lásán ni, ìparí ẹ̀ẹ̀rùn ni kó o gbẹ́ ẹ, bí oṣù Kẹta, nígbà tómi ti lọ sísàlẹ̀ pátápátá. Omi tó o bá bá lóṣù Kẹsàn-án lè ti lọ kí ọyẹ́ tó parí.