Àǹfààní Tí Ó Wà Nínú Ẹ̀kọ́ Nípa Àwọn Látínò ní Yunifásítì

Ọ̀nà kò jìn láti Palmgrove dé Bàríga, níbi tí CMS Grammar School wà láti ọdún 1959. T. B. Macaulay ni ó dá ilé-ìwé náà sílẹ̀ ní Èkó ní 1859, Àjàyí Crowther sì ni àna rẹ̀. Inú ọkọ̀ àwọn Potogí ni wọ́n kó Àjàyí sí ní 1822, kí àwọn ọmọ-ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì tó gbà á sílẹ̀. Bí wọn kò bá gbà á, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé Bràsíl ni ì bá gúnlẹ̀ sí. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò gbà sílẹ̀ ńkọ́? Ọ̀rọ̀ àrọ́mọdọ́mọ wọn ni ó jẹ wá lógún nínú bébà yìí.

Látínò ni wọ́n ń pe àwọn ará Amẹ́ríkà tí orírun wọn jẹ́ Mẹ́síkò, Puerto Rico, Kúbà àti àwọn ilẹ̀ mìíràn bẹ́ẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ gan-an ni ó kọ́kọ́ béèrè fún ẹ̀kọ́ yìí, nítorí pé ìwé ìtàn tí a fi ń kọ́ wọn kò dárúkọ àwọn baba wọn. Yunifásítì Ìpínlẹ̀ California ní Los Angeles dá ẹ̀ka kan sílẹ̀ ní 1968. Yunifásítì Ìlú New York dá ibùdó ìwádìí nípa Puerto Rico sílẹ̀ ní 1973. Ẹni tí ó bá rántí pé wọ́n ti ń na ọmọ rí ní ilé-ìwé wa nítorí pé ó sọ Yorùbá yóò mọ ohun tí ó ń bí wọn nínú.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti kàn wá jù ni Kúbà. Nígbà tí ogun fọ́ Ọ̀yọ́ Ilé, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ Yorùbá ni wọ́n kó lẹ́rú lọ síbẹ̀, Lukumí ni wọ́n sì ń pè wọ́n. Lẹ́yìn ìyípadà ìjọba ọdún 1959, ọ̀pọ̀ ará Kúbà ṣí lọ sí Miami àti New York, àwọn kan sì gbé òrìṣà wọn dání.

Ẹ jẹ́ kí a yẹ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo wò. Bí àwọn olórìṣà Kúbà bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ orò, wọ́n a kọ́kọ́ 'moyubar'. 'Mo júbà' tiwa ni. Odidi gbólóhùn ni wọ́n sọ di ọ̀rọ̀-ìṣe kan, tí wọ́n sì fi 'ar', àmì ọ̀rọ̀-ìṣe nínú èdè Sípéènì, kún un ní ẹ̀yìn. 'Mo' ti rì sínú rẹ̀: ìwọ lè moyubar, àwọn náà lè moyubar. Ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá nìkan yóò ní wọ́n ṣì í sọ. Ẹni tí ó gbọ́ èdè Sípéènì nìkan kò ní mọ̀ pé gbólóhùn ń bẹ níbẹ̀. Lydia Cabrera kó irú ọ̀rọ̀ Lukumí báyìí jọ sínú ìwé rẹ̀, Anagó, ní 1957, èdè Sípéènì ni ó sì fi túmọ̀ wọn. Mélòó nínú àwa tí a wà nínú yàrá yìí ni ó lè ka ojú ewé kan níbẹ̀ láìsí ògbufọ̀? Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí, ìwé atúmọ̀-èdè kì í kúrò lọ́wọ́ mi.

Ọ̀rọ̀ náà kọjá gírámà. Ọba Adéfúnmi tí ó tẹ Ọ̀yọ́túnjí dó ní South Carolina ní 1970, ní Matanzas ní Kúbà ni wọ́n ti ṣe òrìṣà fún un ní 1959, kì í ṣe ní Ifẹ̀. Ní 1993, ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà dá ìjọ Lukumí kan láre lórí òfin tí ìlú Hialeah ṣe lòdì sí fífi ẹran rúbọ. Ọ̀rọ̀ ẹbọ ni. Àwọn Látínò ni ó sì rò ó nílé ẹjọ́. Ẹni tí ó bá ń kọ ìtàn Yorùbá ní òkè òkun tí ó fò wọ́n dá, àárín ìtàn ni ó yọ sọnù.

Òbí tí ó ń tajà ní Palmgrove kí ọmọ rẹ̀ lè máa wọ ọkọ̀ lọ sí Akọka yóò béèrè iṣẹ́ tí ọmọ náà yóò fi ẹ̀kọ́ yìí ṣe. Ìbéèrè náà tọ́. Iṣẹ́ ògbufọ̀, ti aṣojú ìjọba àti ti olùkọ́ ni ó súnmọ́ ọn jù, wọn kò sì pọ̀. Nítorí náà n kò dábàá ẹ̀ka tuntun. Ohun tí mo dábàá ni pé kí akẹ́kọ̀ọ́ oyè kejì tí yóò kọ nípa òrìṣà tàbí èdè wa ní òkè òkun kọ́kọ́ kọ́ èdè Sípéènì tàbí Potogí fún ọdún kan, kí a sì fi ìdánwò yẹ̀ ẹ́ wò kí a tó gba àkòrí iṣẹ́ rẹ̀ wọlé.