Àwọn Ẹ̀fọ́ Òjò Àkọ́rọ̀

Odú kì í ṣe àìmọ̀ fún olóko. Ẹni tí gbogbo ayé mọ̀ bí ẹní mowó ni àwọn àgbà ń fi òwe yìí júwe. Ṣùgbọ́n ẹ gbé odú lọ sí ọjà Bódìjà n'Ìbàdàn lónìí, kí ẹ fi han àwọn ọ̀dọ́ tó ń nájà níbẹ̀, púpọ̀ nínú wọn ni yóò bi yín pé ewé kí nìyí. Ṣọkọ ni wọ́n mọ̀, àti tẹ̀tẹ̀, àti ewédú, pẹ̀lú ugu. Àwọn wọ̀nyí ni àwọn ẹlẹ́fọ́ ń gbìn sí àkùrọ̀, tí wọ́n ń bomi rin láàárọ̀ lálẹ́, tí wọn kì í fi í wọ́n lórí àtẹ lójò lẹ́ẹ̀rùn. Ẹ̀fọ́ gidi ni wọ́n, ẹnu mi kò sì kọ̀ wọ́n. Àmọ́ àwọn kan wà tí ènìyàn kì í sábà gbìn, tí òjò àkọ́rọ̀ ń pè jáde: odú, ebòlò, yánrin, wọ̀rọ̀wọ́. Àwọn ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ wọn, nítorí ẹni tí kò bá jẹ wọ́n rí kò tíì jẹ ẹ̀fọ́ ilẹ̀ Yorùbá tán.

Bí òjò bá ti fẹsẹ̀ múlẹ̀, ìyá mi àgbà kì í náwó ẹ̀fọ́ mọ́. Agbọ̀n tó bá gbé lọ sóko láàárọ̀ kì í bọ̀ lófìfo ní ìrọ̀lẹ́, oríṣi ewé inú rẹ̀ a sì tó mẹ́ta, mẹ́rin. Àwa ọmọ la máa ń ṣà á. Kó tó fún wa ṣà, yóò ní ká dijú, yóò ra ewé mọ́ wa nímú, yóò ní ká dárúkọ rẹ̀. Ẹni tó bá gbà á ni í jẹ orí ẹja. Orí ẹja yìí ni mo fi kọ́ ebòlò, nítorí ebòlò ni ewé tí imú kì í ṣì mọ̀. Bí ẹ bá ti fọwọ́ ra á, òórùn rẹ̀ kò ní kúrò ní ìka yín títí ilẹ̀ yóò fi ṣú.

Igi ebòlò rọ̀, ó lómi, etí ewé rẹ̀ ní eyín wẹ́wẹ́. Òdòdó rẹ̀ pọ́n rúsúrúsú, ó sì máa ń dorí kodò bí ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bá wí. Bó bá gbó tán, èso rẹ̀ a hu irun funfun, afẹ́fẹ́ a sì gbé e lọ. Ibi tí iná bá jó, tí òjò rọ̀ lé lórí, ibẹ̀ ló ti ń kọ́kọ́ yọjú, kí àgbàdo olóko tó mọ̀ pé ilẹ̀ ti rọ̀. Bó ṣe ń fò káàkiri náà ló gbé e dé Éṣíà: ní Taiwan, wọ́n ń jẹ ẹ́.

Èyí tó pọ̀ jù nínú bí mo ṣe ń sè é, ọwọ́ ìyá kan tó máa ń kó ẹ̀fọ́ oko wá sọ́jà láti ọ̀nà Iléṣà ni mo ti kọ́ ọ. Mo kí i pé, “Màmá, ẹ kú ọjà o. Ṣé kí n gé ebòlò yìí bí mo ṣe ń gé ṣọkọ?” Ó ní, “Háà, rárá o, ọmọ mi. Bọ̀ ọ́ lódidi. Kó o fún un dáadáa. Ẹ̀yìn ìyẹn lo tó máa fi ọ̀bẹ kàn án. Bó o bá gé e kó o tó bọ̀ ọ́, adùn rẹ̀ á bómi lọ.” Bẹ́ẹ̀ gan-an ló rí. Omi tó ń hó ni kí ẹ da lé e lórí, ìṣẹ́jú díẹ̀ ti tó. Omi tó máa jáde lára rẹ̀ á ṣókùnkùn, òórùn líle yẹn á sì rọlẹ̀, á ku èyí tó ń dùn mọ́ni. Ègúsí lọ̀rẹ́ ebòlò. Ẹ fi àlùbọ́sà po ègúsí títí yóò fi ki, ẹ dín ata rodo àti tàtàṣé nínú epo pupa pẹ̀lú irú wooro, ẹ dá ègúsí sí i ní ṣíṣù-ṣíṣù, ẹ má rò ó títí yóò fi dì. Kí ẹja gbígbẹ àti pọ̀nmọ́ ti wà níbẹ̀. Ebòlò ló máa wọlé gbẹ̀yìn, kò sì gbọ́dọ̀ pẹ́ lórí iná. Tí iyán bá wà nílẹ̀, kí ẹnì kan ti ìlẹ̀kùn.

Ẹ má sì dé ìkòkò. Èèwọ̀ ilé ìdáná ni ní ilé wa, pé ẹni tó bá dé ìkòkò ẹ̀fọ́ fẹ́ dójú ti onílé. Mo bọ̀wọ̀ fún èèwọ̀ yìí, nítorí ó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Omi kíkan tó wà lára ewé máa ń bá ooru jáde. Bí ìdérí bá dá a padà sínú ìkòkò, á pa àwọ̀ ewé dà, ẹ̀fọ́ tó tutù yọ̀yọ̀ á wá pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Àwọn ìyá wa kò lọ sí yàrá ìwádìí kankan kí wọ́n tó mọ̀ ọ́n.

Ohun kan wà tó yẹ kí olólùfẹ́ ebòlò mọ̀. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ti rí èròjà kan nínú rẹ̀ tó lè pa ẹ̀dọ̀ lára bí ènìyàn bá ń jẹ ẹ́ ní àjẹjù fún ìgbà pípẹ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi fara mọ́ àṣà ìyá àgbà: bó bá dé, a ó jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, bí àsìkò rẹ̀ bá lọ, a ó jẹ́ kó máa lọ. N kò gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn láti máa fún oje rẹ̀ mu láràárọ̀ nítorí pé ẹnì kan pè é ní oògùn.

Odú náà fẹ́ ìfarabalẹ̀. Ẹlòmíràn a ní ọ̀kan náà ni òun àti ògúnmọ̀, òótọ́ sì ni pé ọmọ ìyá ni wọ́n. Èso rẹ̀ roboto, á dúdú bó bá pọ́n, àwa ọmọdé sì máa ń jẹ ẹ́ títí ahọ́n wa yóò fi dúdú. Èyí tó ṣì tutù ni wọn kì í jẹ́ ká fẹnu kàn, nítorí májèlé wà nínú rẹ̀. Ewé rẹ̀ korò díẹ̀. Ẹ bọ̀ ọ́, ẹ da omi àkọ́kọ́ nù. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìbẹ̀rù ni wọ́n fi ń wo ìbátan rẹ̀ tó ń hù lẹ́yìnkùlé wọn. Ní Kamẹrúùnù, wọ́n ń sè é pẹ̀lú òkèlè àgbàdo, oúnjẹ iyì sì ni.

Yánrin ní tirẹ̀ jẹ́ ẹ̀fọ́ òrìṣà. Òun ni wọ́n ń sè fún Ọ̀ṣun, tí wọ́n ń fi ẹ̀kọ tì í lẹ́yìn. Oṣù Kẹjọ, nígbà tí ọdún Ọ̀ṣun bá ń lọ lọ́wọ́ l'Óṣogbo, yánrin kì í wọ́n. N kì í ṣe olórìṣà, ṣùgbọ́n mo máa ń rò ó pé yèyé tó ní idẹ, tó ní oyin, ẹ̀fọ́ kíkorò ló tún yàn láàyò, ọ̀rọ̀ náà sì máa ń mú mi bọ̀wọ̀ fún un. Bí wọ́n bá já ewé rẹ̀, oje funfun á yọ. Ẹ fi omi gbígbóná fún un, kí ẹ sì jẹ́ kí ìkorò díẹ̀ ṣẹ́kù. Yánrin tí wọ́n fọ̀ títí tí kò korò mọ́ ti di koríko lásán.

Oògùn tí wọ́n ń fi yánrin ṣe pọ̀. Ọmọ tó bá pẹ́ kó tó rìn, àwọn ìyá á ra ewé rẹ̀, wọ́n á fi pa á lẹ́sẹ̀ láàárọ̀ àti lálẹ́. N kò lè búra pé ewé ló ń mú ọmọ dìde. Ọwọ́ ìyá tó ń fà á lẹ́sẹ̀, tó ń nà án, tó ń kọrin sí i, mo gbà tọkàntọkàn pé ọwọ́ yẹn ń ṣiṣẹ́. Àwọn tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ náà máa ń wá a kiri. Kí wọ́n jẹ ẹ́ bí oúnjẹ, ó dára. Kí wọ́n torí rẹ̀ da oògùn dókítà nù, ewu ńlá ni.

Ní ti wọ̀rọ̀wọ́, ojú mi ló ṣe. Abẹ́ kòkó ló fẹ́ràn, níbi tí òòrùn kì í ti í pa á, tí yóò máa lọ́ mọ́ igi. Àdá bọ́ sí bàbá mi kékeré lẹ́sẹ̀ nínú oko, ẹ̀jẹ̀ sì ń ṣàn. Kò pariwo. Ó nawọ́ fa wọ̀rọ̀wọ́, ó jẹ ẹ́ lẹ́nu, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú ọgbẹ́, ó fi okùn ọ̀gẹ̀dẹ̀ dì í. Nígbà tí a délé, ẹ̀jẹ̀ ti dá. Lónìí, màá ní kó fọ ọgbẹ́ náà, kó sì gba abẹ́rẹ́ ipá, ṣùgbọ́n n kò ní gbàgbé bí ẹ̀jẹ̀ yẹn ṣe dúró. Ewé yìí kan náà ni wọ́n ń sè fún abiyamọ nítorí omi ọyàn, pẹ̀lú ẹja tútù àti ata díẹ̀. Adùn rẹ̀ kò ní agídí bíi ti ebòlò. Ẹni tí kò jẹ ẹ̀fọ́ oko rí, òun ni kó kọ́kọ́ fi bẹ̀rẹ̀.

Àwọn onífá ní ìtàn kan. Ọ̀rúnmìlà rán Ọ̀sanyìn lọ roko, Ọ̀sanyìn kò sì lè gé ewé kan. Èyí ń wo ibà, èyí ń wo orí fífọ́, èyí ń wo inú rírun. Èwo ni kó wá gé? Ìtàn yìí máa ń dùn mí lónìí, nítorí oògùn apakoríko tí a ń fọ́n sóko kò mọ èwo ni èwo. Ebòlò ló ń kọ́kọ́ kú. Bí wọ́n bá sì gé kòkó kí wọ́n lè gbin ẹ̀gẹ́, wọ̀rọ̀wọ́ ti pàdánù ibòòji rẹ̀. Ẹ bi ẹlẹ́fọ́ yín léèrè ibi tó ti já ewé, ẹ má sì já a lẹ́bàá ọ̀nà tàbí lóko tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fín.

Àwọn ènìyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Bahia ní Brazil kò rí ebòlò mú dání, síbẹ̀ wọn kò jẹ́ kí oúnjẹ náà kú. Efó ni wọ́n ń pè é níbẹ̀ títí dòní: ewé ilẹ̀ ọ̀hún ni, epo pupa, edé gbígbẹ, àlùbọ́sà àti ẹ̀pà. Ibẹ̀ náà ni Pierre Verger, ará Faransé tó di babaláwo, fi ṣe ilé kó tó gbé ìwé ńlá rẹ̀ lórí ewé Yorùbá jáde ní 1995.

Nílé níbí, àwọn olùwádìí Ifásitì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, Ilé-Ifẹ̀, ti bá àwọn ará Kánádà ṣiṣẹ́ lórí ògúnmọ̀, ìgbágbá àti àwọn ẹ̀fọ́ ìbílẹ̀ mìíràn, kí àwọn àgbẹ̀ lè máa gbìn wọ́n tà. Ẹ̀yin náà lè gbin wọ̀rọ̀wọ́. Kò nílò èso, èso rẹ̀ kì í sábà hù. Ẹ bẹ ẹni tó ní i, kó gé igi rẹ̀ tó ní ojú mẹ́ta tàbí mẹ́rin fún yín, ẹ fi ojú méjì bọ ilẹ̀ lábẹ́ igi ọsàn tàbí máńgòrò, kí ẹ sì fi ọ̀pá tì í tí yóò máa gùn. Oṣù Karùn-ún ló dára jù, tí ilẹ̀ ti mumi. Orí ọ̀mùnú rẹ̀ ni kí ẹ máa já, yóò sì máa pẹ̀ka.