Johannesburg Kò Lókun, Àmọ́ Ó Létí

Ṣé o mọ̀ pé Johannesburg ni J àti B tó wà lára rédà JB dúró fún? Láti ìlú yìí sí èbúté Durban ju 500 kìlómítà lọ lójú ọ̀nà mọ́tò, síbẹ̀ Johannesburg ni wọ́n ti ṣe ẹ̀rọ tí Gúúsù Áfíríkà fi ṣọ́ etíkun rẹ̀ nígbà Ogun Àgbáyé Kejì.

Basil Schonland ló darí iṣẹ́ náà, ní Yunifásítì Witwatersrand. Mànàmáná ni iṣẹ́ tó mọ̀ jù. Lọ́dún 1939, Ernest Marsden ará New Zealand ń ti ìlú Gẹ̀ẹ́sì bọ̀ pẹ̀lú àṣírí rédà, ni Schonland bá wọ ọkọ̀ ojú omi tó gbé e láti Cape Town dé Durban, ó sì ń kọ́ iṣẹ́ rédà lọ́wọ́ rẹ̀ lójú omi. Nígbà tó padà délé, ohun èlò rédíò tí wọ́n rí rà nígboro lòun àtàwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀. Ní 16 Oṣù Kejìlá 1939, ìgbì tí wọ́n rán jáde kọlu nǹkan kan, ó sì padà wá. Ta ni ọ̀tá tí wọ́n rí? Táńkì omi orí òkè Northcliff ni! Ṣùgbọ́n láàárín 1940, JB ti wà ní Mambrui, létíkun Kenya. Nígbà tó yá, àwọn obìnrin ló pọ̀ nídìí ẹ̀rọ wọ̀nyí ní agbègbè Cape.

Ṣé o mọ̀ pé ogun àwọn Boer pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì ni ogun àkọ́kọ́ tí ọkọ̀ ogun ojú omi ti lo rédíò? Ìjọba Boer ní Pretoria, tó ni góòlù Johannesburg nígbà náà, ti bẹ Siemens lọ́wẹ̀ ẹ̀rọ rédíò mẹ́fà. Ẹrù gúnlẹ̀ sí Cape Town, ogun bẹ́, Gẹ̀ẹ́sì gbẹ́sẹ̀ lé e. Ẹ̀rọ Marconi tí Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn gbé wá kò jẹ́ fún wọn nínú aginjù Karoo, wọ́n bá kó o fún ọkọ̀ ogun tó ń ṣọ́ Delagoa Bay lọ́dún 1900. Lórí omi, ó jẹ́.

Ṣé o mọ̀ pé àìgbọ́ wà lára ohun tó jẹ́ kí Cape Town jìyà? Nínú Oṣù Kejì 1942, àwọn Jámánì fi kẹ̀kẹ́ kẹrin kún ẹ̀rọ Enigma tí ọkọ̀ abẹ́ omi wọn fi ń pa ẹnà lórí òkun Àtìláńtíìkì. Àwọn atúẹnà Gẹ̀ẹ́sì ní Bletchley Park di adití títí di Oṣù Kejìlá. Àárín ìgbà yẹn gan-an, nínú Oṣù Kẹwàá, ni ẹgbẹ́ ọkọ̀ abẹ́ omi Jámánì tí wọ́n ń pè ní Eisbär yọ sí Cape. Ọ̀kan nínú wọn, U-68, nìkan rì ọkọ̀ mẹ́fà láàárín ọjọ́ méjì.

Àmọ́ ẹlẹ́nu ló ń pa ara rẹ̀. Ẹni tó bá sọ̀rọ̀ lórí rédíò, ẹ ò ní láti mọ ohun tó sọ: bí ibùdó méjì tàbí mẹ́ta bá mọ ìhà tí ohùn ti ń wá, ibi tí ìlà wọn bá ti pàdé ló wà. Nínú Oṣù Kẹjọ 1943, àwọn ọkọ̀ abẹ́ omi Jámánì fẹ́ pàdé ní gúúsù Madagascar kí wọ́n fi ẹnà tuntun lé ara wọn lọ́wọ́. Lórí rédíò ni wọ́n ti ṣètò ìpàdé náà! Àwọn bàlúù Catalina bá ọ̀kan nínú wọn, U-197, níbẹ̀ ní 20 Oṣù Kẹjọ, wọ́n sì rì í. Nígbà tó fi máa di Oṣù Kẹta 1944, ó ti pẹ́ tí Bletchley ti ń ka ọ̀rọ̀ wọn padà. Nígbà tí ọkọ̀ abẹ́ omi Jámánì UIT-22 fi máa dé ìsàlẹ̀ Cape, àwọn bàlúù ti ń wá a kiri.