Ẹ Jẹ́ Ká Fi Ọjọ́ Kan Rìn Yí Odi Kétu Ká

Ẹ̀yin ará wa, ọ̀pọ̀ nínú wa ló ti gba iwájú Àkàbà Ìdènà kọjá láìmọye ìgbà, tí a kàn ń lọ sọ́jà. Àwọn tó ń sọ Faransé ń pè é ní «la porte magique». Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi ọjọ́ kan rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ yàrà àti ohun tó ṣẹ́kù lára odi náà ló máa mọ irú iṣẹ́ tí àwọn bàbá wa ṣe.

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ló dára jù, torí lásìkò òjò, igbó máa ń bo yàrà, ilẹ̀ pupa wa yìí sì máa ń yọ̀. Ẹ tètè jáde láàárọ̀, ẹ gbé omi dání. Kẹ́ ẹ tó wọ ibẹ̀, ẹ kọ́kọ́ kí àwọn àgbà tó ń tọ́jú rẹ̀, kẹ́ ẹ gba àyè. Kì í ṣe gbogbo ibẹ̀ la ti ń ya fọ́tò.

Ìtàn ìlú sọ pé Alákétu Sà ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà. Ẹ wo ọgbọ́n wọn: erùpẹ̀ tí wọ́n wà jáde nínú yàrà ni wọ́n fi mọ odi. Bí yàrà ṣe ń jìn sí i ni odi ń ga sí i. Ilẹ̀kùn méjì ló wà ní ẹnubodè, ọ̀kan níta, ọ̀kan nínú. Ọ̀tá tó bá já ti àkọ́kọ́, àárín méjèèjì ló máa há sí.

Kí ló wá dé tí Kétu fi ṣubú? Àwọn ọmọ ogun Dàhómì kọ́kọ́ wọ ìlú ní 1883. Wọ́n padà wá ní 1886, wọ́n yí ìlú ká. Odi lè dá ọ̀tá dúró, ṣùgbọ́n oko wà lẹ́yìn odi. Ebi ló mú àwọn èèyàn wa. Wọ́n jó ìlú, wọ́n kó àwọn èèyàn lọ sí Abomey. Lẹ́yìn tí Faransé ṣẹ́gun Dàhómì ni àwọn tó kù padà wálé, tí wọ́n tún ìlú tẹ̀ dó.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin òbí, ẹ mú àwọn ọmọ lọ síbẹ̀, kẹ́ ẹ ṣàlàyé fún wọn lédè wa. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má bu erùpẹ̀ ibẹ̀ mọlé, kó má sì da pàǹtí sínú yàrà. Òjò nìkan ti tó odi amọ̀ í jà. Ọmọ tí kò bá mọ̀ pé odi ni, òkìtì lásán ló máa pè é.