Òkèlè àti Ara Sísanra
Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ara wa náà a máa ṣe àjẹṣẹ́kù: oúnjẹ tí a jẹ tí a kò fi ṣiṣẹ́ ni ó ń fi pamọ́ bí ọ̀rá. Ẹ̀bà, iyán àti àmàlà kì í ṣe ọ̀tá wa. Agbára ni wọ́n ń fún wa. Gíráàmù 1 oúnjẹ afáralókun ní kálórì 4. Gíráàmù 1 epo ní 9. Ẹni tí ó bá fẹ́ fọn, kí ó dín òkèlè àti epo kù, kí ó fi ẹ̀fọ́ kún ọbẹ̀, kí ó fi mínírà sílẹ̀, kí ó sì máa jẹ ẹ̀wà, tí kì í tètè dà nínú. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń lo oògùn àtọ̀gbẹ, kí ó kọ́kọ́ bi dókítà rẹ̀, kí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ má baà lọ sílẹ̀ jù. Ìlera loògùn ọrọ̀.