Iná Èédú Nínú Iyàrá

Oṣù Kejìlá àti oṣù Kìn-ín-ní ni ọyẹ́ máa ń mú jù ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá. Láti aṣálẹ̀ Sàhárà ni afẹ́fẹ́ rẹ̀ ti ń fẹ́ wá. Ètè a là, ara a sì máa gbọ̀n ní ìdájí. Nígbà náà ni ẹlòmíràn yóò gbé àdògán èédú wọ iyàrá, pàápàá bí ìyá ọlọ́mọ tuntun bá wà nínú ilé. Yóò ti ilẹ̀kùn, yóò ti fèrèsé, yóò fi àkísà dí ẹsẹ̀ ilẹ̀kùn. Ilé á móoru lóòótọ́, ṣùgbọ́n ikú lè wà nínú ooru náà.

Ẹ jẹ́ ká wo bí iná ti ń ṣe. Iná a máa lo afẹ́fẹ́, bí èmi àti ẹ̀yin ti ń mí i. Ẹ tan àbẹ́là, kí ẹ da ife dígí bò ó. Kò ní pẹ́ tí yóò fi kú. Kí ló pa á? Afẹ́fẹ́ inú ife kò tó o mọ́ ni.

Iyàrá tí a tì pa dà bí ife yẹn. Ṣùgbọ́n èédú kì í kú bọ̀rọ̀ bí àbẹ́là. Bí afẹ́fẹ́ kò bá tó o, yóò máa rọra jó, yóò sì máa tú afẹ́fẹ́ olóró kan jáde, tí wọ́n ń pè ní kábọ̀n mónóksáìdì. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn. Èéfín igi tó ń ta wá lójú, oore ló ń ṣe wá. Òun ló ń lé wa jáde. Èédú tó ti pọ́n kì í rú èéfín, la bá rò pé kò léwu.

Bí a bá mí olóró yìí sínú, ẹ̀jẹ̀ wa yóò gbé e dípò afẹ́fẹ́ rere. Orí a fọ́ni, òòyì a kọ́ni, èébì a máa gbéni, ẹsẹ̀ a rọ. Ẹni tó ti sùn kò ní mọ ọ̀kan nínú wọn. Àwọn kan a pè é ní ibà, àwọn kan a ní ayé ló ṣe é. Bí èèyàn méjì mẹ́ta bá jí nínú iyàrá kan náà pẹ̀lú orí fífọ́, àdògán ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí.

Ẹlòmíràn á ní, "Mo ti fi eérú bò ó." Eérú kò pa èédú o! Ẹyin iná tó wà lábẹ́ rẹ̀ ṣì ń tú olóró jáde. Ìta ni kí àdògán wà, kí ẹ sì máa gbọn eérú kúrò lójú ihò rẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè wọlé. Bí òtútù bá mú, kí ìyá gbé ọmọ lé àyà, kí ó fi aṣọ bo àwọn méjèèjì, kí ó dé fìlà fún ọmọ.

Àwọn ará wa ní Lọ́ńdọ̀nù kò lo àdògán. Ẹ̀rọ onígáàsì ló ń gbé omi kaná, tí omi gbígbóná ń gba inú páìpù yí ilé ká. Olóró kan náà lè jáde lára ẹ̀rọ yẹn bí ó bá bàjẹ́, nítorí náà òfin ibẹ̀ ní kí onílé tó ń gbowó ilé máa mú ẹni tó mọṣẹ́ wá yẹ̀ ẹ́ wò lọ́dọọdún. Jẹnẹrétọ̀ tí àwa ń gbé sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ńkọ́? Olóró rẹ̀ kò yàtọ̀.

Bí ẹ bá bá ẹni tí kò lè jí nínú irú iyàrá bẹ́ẹ̀, ẹ ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀, kí ẹ gbé e síta kíákíá. Ẹ má dúró nínú ilé máa pariwo orúkọ rẹ̀. Ẹ má sì rọ epo pupa sí i lẹ́nu. Epo kò lè lé olóró kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, ó sì lè fún un pa. Ilé ìwòsàn ló kàn: ti ìjọba àpapọ̀ wà ní Ìdí-Abà, ti ìpínlẹ̀ wà ní Ìjàyè. Ẹ sọ fún dókítà pé iná èédú wà nínú iyàrá, nítorí afẹ́fẹ́ ọ́síjìn ni wọn yóò fi tọ́jú rẹ̀.