Ẹ̀dà Àtijọ́ àti Ẹ̀dà Tuntun Lábẹ́ Òrùlé Kan: Àlàyé Lórí Àwọn Ètò Kọ̀ǹpútà tí a fi ń Kọ Orin Sílẹ̀

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Òwe yìí bá ọ̀rọ̀ àwọn ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń kọ orin sílẹ̀ mu púpọ̀. Ẹ̀dà tuntun a máa dé tẹ̀wà-tẹ̀wà: ojú rẹ̀ a mọ́, iṣẹ́ rẹ̀ a yá, ohùn tí ó fi ń dá orin fún ni gbọ́ a sì dùn létí ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ṣùgbọ́n àkísà, èyí nì ni gbogbo iṣẹ́ tí a ti fi ọdún gbọọrọ kó jọ, ọwọ́ ẹ̀dà àtijọ́ ni ó wà. Nítorí náà ni ọ̀pọ̀ àwọn tí iṣẹ́ orin jẹ lógún fi máa ń jẹ́ kí ẹ̀dà méjèèjì gbé pọ̀ lórí kọ̀ǹpútà kan. Ó yẹ kí á ṣàlàyé ìdí tí èyí fi tọ́, bí a ti lè ṣe é láìsí ìdàrúdàpọ̀, àti ohun tí ó lè sọnù mọ́ wa lọ́wọ́ bí a kò bá ṣe é.

OHUN TÍ FÁÌLÌ ORIN JẸ́

Nígbà tí ènìyàn bá fi kálàmù kọ orin sórí ìlà márùn-ún, ibi tí ó fi nóòtì sí ni nóòtì náà yóò wà títí ìwé yóò fi gbó. Fáìlì orin kò rí bẹ́ẹ̀. Àpèjúwe ni ó wà nínú rẹ̀: pé nóòtì báyìí ni kí ó wà nínú báà báyìí, pé bí ó ti gùn tó nìyí, pé sílébù báyìí ni kí ó wà lábẹ́ rẹ̀. Ètò kọ̀ǹpútà ni ó ń ka àpèjúwe wọ̀nyí. Òun náà ni ó sì ń pinnu bí àyè tí ó wà láàrin nóòtì kan àti èkejì yóò ti fẹ̀ tó, ibi tí ìlà yóò ti gé, àti ibi tí ojú ewé yóò ti parí.

A lè fi fáìlì orin wé àrokò tí àwọn baba wa máa ń fi ránṣẹ́ sí ara wọn. Owó ẹyọ tí a so kojú síra àti èyí tí a so kẹ̀yìn síra, owó ẹyọ kan náà ni. Ìmọ̀ tí ó wà nínú ẹni tí ó gbà á ni ó ń sọ ọ́ di ọ̀rọ̀. Bí ẹni tí ó fi àrokò ránṣẹ́ àti ẹni tí ó gbà á kò bá kọ́ ẹ̀kọ́ kan náà, àrokò náà lè dé ní pípé pérépéré, kí ìtumọ̀ rẹ̀ sì yí padà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ó rí nígbà tí ẹ̀dà tuntun bá ṣí iṣẹ́ tí a fi ẹ̀dà àtijọ́ kọ. Kì í ka ohun tí ojú akọrin ti rí tẹ́lẹ̀. Àpèjúwe ni ó ń kà, ọgbọ́n tirẹ̀ ni ó sì fi ń túmọ̀ rẹ̀.

ÀPẸẸRẸ MUSESCORE

Ẹ jẹ́ kí á wo MuseScore, ètò ọ̀fẹ́ tí Werner Schweer, ará Jámánì, bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní ọdún 2002. Ẹ̀dà kìn-ín-ní rẹ̀ jáde ní 2011, ẹ̀dà kejì ní 2015, ẹ̀dà kẹta ní 2018, ẹ̀dà kẹrin ní 2022. Nínú ẹ̀dà kejì, bí ọ̀rọ̀ kan bá gun orí nóòtì, ọwọ́ ara rẹ̀ ni ẹni tí ń kọ orin yóò fi sún un kúrò. Ẹ̀dà kẹta ni ó mú ọgbọ́n tuntun wá, tí ètò náà fi ń sún nǹkan wọ̀nyí fúnra rẹ̀. Ìrọ̀rùn ńlá ni èyí. Síbẹ̀, iṣẹ́ tí a ti fi ọwọ́ sún ní ẹ̀dà kejì lè dé inú ẹ̀dà kẹta kí àmì rẹ̀ lọ jókòó sí ibi tí kò yẹ, nítorí ọwọ́ méjì ti sún ohun kan ṣoṣo.

Ẹ̀dà kẹrin tún yí bí a ti ń pín àyè láàrin àwọn nóòtì padà, ó sì mú ọ̀nà mìíràn wá fún gbígbọ́ orin, èyí tí ó lè lo àwọn ohùn tí a ń pè ní Muse Sounds. Bí a bá fi í ṣí iṣẹ́ àtijọ́, a máa béèrè bóyá kí òun lo fọ́ǹtì tuntun, Leland fún àmì orin àti Edwin fún ọ̀rọ̀. Ẹni tí ó bá dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni láìronú lè rí i pé orin tí ó gba ojú ewé mẹ́rin tẹ́lẹ̀ ti di márùn-ún, tàbí pé ibi tí ẹni tí ń tẹ dùùrù ti máa ń ráyè ṣí ìwé ti bọ́ sí àárín gbólóhùn.

Ó dára pé ẹ̀dà kẹta àti ẹ̀dà kẹrin lè wà lórí kọ̀ǹpútà kan láìdí ara wọn lọ́wọ́. Olúkúlùkù ní fódà tirẹ̀. Ṣùgbọ́n àlọ ni ó wà níbẹ̀, kò sí àbọ̀: iṣẹ́ tí a bá ti fi pamọ́ ní ẹ̀dà kẹrin, ẹ̀dà kẹta kò lè kà á bí ó ti yẹ mọ́. Bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ àwọn ètò kéékèèké tí a ṣe láti máa ran ẹ̀dà kẹta lọ́wọ́ kò ṣiṣẹ́ nínú ẹ̀dà kẹrin nígbà tí ó kọ́kọ́ jáde. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Ẹni tí ó bá lé àgbà jáde nílé nítorí pé ọmọ ti dé, akèrègbè nìkan ni yóò rí ohun mú nínú rẹ̀.

NÍGBÀ TÍ ẸNI ÀGBÀ KÒ NÍ ÀRÓLÉ

Ọ̀rọ̀ Finale wúwo ju èyí lọ. Phil Farrand ni ó kọ ètò yìí, ọdún 1988 ni ó sì jáde. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, orúkọ fáìlì rẹ̀ a máa parí sí .mus. Ẹ̀dà tuntun a máa ṣí iṣẹ́ àtijọ́, ṣùgbọ́n ti àtijọ́ kì í lè ṣí ti tuntun. Nígbà tí Finale 2014 dé, fáìlì mìíràn tí ó parí sí .musx ni ó gba ipò. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2024, ilé-iṣẹ́ MakeMusic kéde pé àwọn kò ní máa tún Finale ṣe mọ́. Bí ètò tí ó ti pé ọdún mẹ́rìndínlógójì ṣe di ohun tí kò ní ẹ̀dà tuntun mọ́ nìyẹn.

Ìpín ni ti àwọn tí wọ́n wà lọ́dọ̀ Sibelius, ètò tí àwọn ìbejì kan, Ben àti Jonathan Finn, gbé jáde ní 1993. Ètò yìí lè kọ iṣẹ́ òde òní sílẹ̀ lọ́nà tí ẹ̀dà àtijọ́ rẹ̀ yóò fi lè kà á, nítorí náà àlọ àti àbọ̀ wà níbẹ̀ dé ìwọ̀n kan. Ẹni tí ó ń lo Finale ní tirẹ̀ kò ní ọmọ bíbí inú ètò náà tí yóò kó ogún fún; ó di dandan kí ó wá alágbàtọ́. Dorico tí Steinberg gbé jáde ní 2016 jẹ́ ọ̀kan nínú irú alágbàtọ́ bẹ́ẹ̀.

Afárá tí a ó gbà kọjá láti ètò kan sí òmíràn ni MusicXML. Michael Good ni ó dá a sílẹ̀. Ẹ̀dà kìn-ín-ní rẹ̀ jáde ní 2004. Afárá yìí lè ru nóòtì, bí nóòtì ti gùn tó, àti ọ̀rọ̀ orin. Ṣùgbọ́n ẹwà ojú ewé, bí a ti to ìlà àti bí a ti fi ọwọ́ sún àmì síbi tí ó yẹ, kì í sábà dé òdì kejì ní pípé. Ẹni tí ó bá gba orí afárá náà kọjá, tí kò sì ní ibi tí yóò ti tún rí iṣẹ́ náà bí ó ti wà ní ìpilẹ̀ṣẹ̀, kò ní mọ ohun tí ó já bọ́ sínú odò.

Ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ tún ní ẹjọ́ tirẹ̀. Ní ọdún 2019, Apple gbé macOS Catalina jáde, èyí tí kò gba ètò tí a ṣe fún ìlànà bíìtì 32 mọ́. Àwọn Finale tí ó ṣáájú ẹ̀dà 25 ti ọdún 2016 sì wà lára ohun tí ó dákẹ́ lórí rẹ̀. Nítorí náà ẹni tí ó fẹ́ pa ẹ̀dà àtijọ́ mọ́ ní láti pa ẹ̀rọ àtijọ́ tí ó gbé e mọ́ pẹ̀lú, kí ó má ṣe sọ ọ́ di Catalina tàbí ohun tí ó tẹ̀ lé e.

Ọ̀RỌ̀ YORÙBÁ LÁBẸ́ NÓÒTÌ

Fún àwọn tí ń kọ orin ní èdè Yorùbá, ewu náà ju ti ẹwà ojú ewé lọ. Kí Finale 2012 tó dé, ètò náà kò lo Unicode, èyí tí ó fún lẹ́tà gbogbo èdè ní nọ́ńbà tirẹ̀. Ẹni tí ó fẹ́ fi ẹ, ọ tàbí ṣ sábẹ́ nóòtì ní láti wá fọ́ǹtì àkànṣe, nínú èyí tí a ti yọ lẹ́tà àjèjì kan kúrò ní àyè rẹ̀, tí a sì fi lẹ́tà Yorùbá síbẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí fọ́ǹtì náà bá wà lórí kọ̀ǹpútà, ọ̀rọ̀ yóò gún régé. Bí fọ́ǹtì náà kò bá sí mọ́, lẹ́tà àjèjì yóò padà wá gba àyè rẹ̀, orin yóò sì di àdììtú.

Lábẹ́ Unicode pàápàá, ẹ́ àti ọ̀ kò ní nọ́ńbà ẹyọ kan. Lẹ́tà tí ó ní ìsàlẹ̀ ni a ń so àmì ohùn mọ́. Fọ́ǹtì tí kò mọ ọgbọ́n yìí yóò gbé àmì náà sí ẹ̀gbẹ́, tàbí kí ó gbé e fún lẹ́tà tí kì í ṣe tirẹ̀. Gbogbo ẹni tí ó bá sì ti kọ́ni ní Yorùbá mọ̀ pé ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan náà.

T. K. Ẹkúndayọ̀ Phillips fi ìwé odidi kan, tí ó jáde ní 1953, ṣàlàyé bí ọ̀rọ̀ sísọ àti orin ti so kọ́ra nínú orin Yorùbá. Bí ọ̀rọ̀ bá lọ sókè, orin a bá a lọ sókè. Bí ó bá lọ sílẹ̀, orin a bá a sọ̀kalẹ̀. Nítorí náà, bí sílébù kan ṣoṣo bá yẹ̀ kúrò lábẹ́ nóòtì rẹ̀ bọ́ sábẹ́ èyí tí ó tẹ̀ lé e, ìtumọ̀ lè bàjẹ́ láti ibẹ̀ dé òpin ẹsẹ. Akọrin tí kò mọ orin náà tẹ́lẹ̀ yóò kọ ohun tí ó rí. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, àṣìṣe ètò kọ̀ǹpútà yóò ti di ohun tí a gbà pé olórin ni ó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

BÍ A TI Í ṢE É

Èkíní, kí á tó fi ẹ̀dà tuntun kan iṣẹ́ kankan, kí á fi ẹ̀dà àtijọ́ ṣí i, kí á sì sọ ọ́ di PDF. Èyí ni ẹlẹ́rìí tí kì í yí ohùn padà.

Èkejì, kí á má ṣe fi ìpilẹ̀ṣẹ̀ fún ẹ̀dà tuntun. Àdàkọ ni kí á fún un, nínú fódà ọ̀tọ̀.

Ẹ̀kẹta, kí á kọ nọ́ńbà ẹ̀dà mọ́ orúkọ fáìlì. Àwọn tí wọ́n ṣe LilyPond, ètò tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1996, ti mọ ọgbọ́n yìí tipẹ́: ìlà kan máa ń wà nínú fáìlì rẹ̀ tí ń sọ ẹ̀dà tí a fi kọ ọ́, ètò kékeré kan tí ń jẹ́ convert-ly a sì máa ka ìlà náà kí ó tó tún iṣẹ́ ṣe fún ẹ̀dà tuntun.

Ẹ̀kẹrin, kí á má ṣe tẹ fáìlì lẹ́ẹ̀mejì kí ó ṣí fúnra rẹ̀, nítorí ẹ̀dà tí a fi sórí kọ̀ǹpútà kẹ́yìn ni ó sábà máa ń gbà á mú. Ètò tí a fẹ́ ni kí á kọ́kọ́ ṣí, kí á sì ti inú rẹ̀ pe fáìlì jáde.

Ẹ̀karùn-ún, kí á gbé ẹ̀dà méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, kí á kà wọ́n ní báà sí báà. Ọ̀rọ̀ àti àmì ohùn ni kí á kọ́kọ́ wò, lẹ́yìn náà nóòtì, lẹ́yìn náà àmì tí ń sọ ibi tí a ó ti rọra kọ orin àti ibi tí a ó ti gbé ohùn sókè, lẹ́yìn gbogbo rẹ̀ ibi tí ojú ewé ti pín. Kí á fi etí gbọ́ ọ nínú méjèèjì pẹ̀lú, nítorí etí a máa mú ohun tí ojú fò.

Ẹ̀kẹfà, kí á fi iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan pamọ́ ní MusicXML, kí ó má baà jẹ́ pé ètò kan ṣoṣo ni ó lè là á.

ÌGBÀ TÍ A LÈ JẸ́ KÍ ÀGBÀ SINMI

Àwọn kan lè sọ pé ẹrù ni láti máa tọ́jú ẹ̀dà méjì, pé àyè ń tán lórí kọ̀ǹpútà, àti pé ènìyàn kì í wo ẹ̀yìn kí ó tó rìn. Òtítọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ wọn. Kò pọn dandan kí ẹ̀dà àtijọ́ wà títí ayé. Ohun tí ó pọn dandan ni pé kí iṣẹ́ tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kọ́kọ́ kúrò níbẹ̀ ní àlàáfíà: kí á ti ka ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí á ti tún un ṣe, kí ẹni tí ó kọ orin náà tàbí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n dáadáa sì ti jẹ́rìí sí i pé bí ó ti yẹ kí ó rí ni ó rí.

Iṣẹ́ yìí kò sì ṣeé fi dọ́la. Níwọ̀n ìgbà tí olórin bá wà láàyè, tí ẹ̀dà àtijọ́ sì ń ṣí, ìbéèrè kan ṣoṣo tó láti mọ̀ bóyá sílébù yẹ̀ tàbí kò yẹ̀. Nígbà tí ọ̀kan nínú méjèèjì bá lọ, ìwádìí ọjọ́ pípẹ́ ni yóò kù. Nígbà tí àwọn méjèèjì bá lọ, àbá ni ó kù. Ẹgbẹ́ akọrin, ilé ẹ̀kọ́ tàbí ilé ìjọsìn tí ó bá ní orin Yorùbá nínú fáìlì àtijọ́ lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú orin kan ṣoṣo ní ọ̀sẹ̀ kan, kí wọ́n sì ti ọ̀dọ̀ èyí tí ó pẹ́ jù lọ bẹ̀rẹ̀.